Omi Ara Egbò àti Aṣọ Tí A Fi Ń Dì Í: Ó Tó Àkókò Kí Nàìjíríà Máa Ṣe Tirẹ̀

Kò sí ilé ìwòsàn kan ní orílẹ̀-èdè yìí, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní abúlé, tí a kò ní bá aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní gọ́ọ̀sì. Òun ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n fi ń bo ojú ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, òun náà sì ni wọ́n fi ń di egbò. Nítorí pé ó wọ́pọ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ó ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an dáadáa. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ó yẹ kí á béèrè. Ọ̀nà tí aṣọ kan ń gbà tọ́jú omi tó ń jáde lára egbò lè mú kí egbò náà tètè jinná, ó sì lè sọ ọ́ di àdáàjinná. Ìmọ̀ tí a fi lè tún ojú aṣọ ṣe kí ó lè mọ omi tọ́jú ti wà nílẹ̀, òwú sì ń hù nínú ilẹ̀ wa. Ohun tó kù ni ìpinnu àwọn tó ń darí ètò ìlera àti ti ilé iṣẹ́ ahunṣọ.

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa pé afẹ́fẹ́ ló ń wo egbò sàn. Àwọn òbí a máa sọ fún ọmọ tó fara pa pé kí ó ṣí egbò rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ó lè gbẹ, kí èépá sì bò ó. Bí èépá bá ti bò ó, ọkàn gbogbo ilé a balẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọdún 1962, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, George Winter, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, ó sì yí èrò náà padà. Ó dá egbò tí kò jinlẹ̀ sí ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi ọ̀rá pẹlẹbẹ bo àwọn egbò kan, ó sì ṣí àwọn yòókù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Awọ tuntun bo àwọn egbò tó wà lábẹ́ ọ̀rá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì kíákíá ju àwọn tí a ṣí sílẹ̀ lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìyẹn 1963, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Hinman àti Maibach, ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, èsì wọn sì bá ti Winter mu.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yéni. Awọ tuntun kì í já bọ́ láti òkè. Ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti etí egbò wá sí àárín. Bí ojú egbò bá ní ọ̀rinrin, wọn yóò rìn gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ó bá gbẹ, tí èépá sì dí ojú ọ̀nà, wọ́n ní láti gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ èépá náà, níbi tí omi díẹ̀ ṣì kù sí. Ẹni tó ń gba títì tó tẹ́jú lọ àti ẹni tó ń fi àdá la igbó kọjá kò lè jọ dé ibi tí wọ́n ń lọ lákòókò kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Omi tó ń jáde lára egbò kì í ṣe omi lásán. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, èròjà amáradàgbà wà nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò àrùn jà náà sì wà níbẹ̀. Nínú egbò tó ti pẹ́, omi yìí tún máa ń ní èròjà tó ń jẹ ẹran ara tuntun run bí ó ti ń hù. Bí ó bá dúró pẹ́ lórí awọ tó dá ṣáká ní àyíká egbò, awọ náà yóò funfun, yóò sì hunjọ bí ọwọ́ alágbàfọ̀ tó ti pẹ́ nínú omi. Láìpẹ́, awọ náà yóò bó, egbò yóò sì fẹ̀ sí i. Kòkòrò àrùn fẹ́ràn ibi tó rin bẹ́ẹ̀, òórùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nítorí náà, egbò kò fẹ́ kí ó gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ó rin ṣìnkìnṣìnkìn. Ó ń fẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Iye omi tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kéré. Awọ ara tó dá ṣáká, bí a bá fi mítà kan níbùú àti lóòró wọ̀n ọ́n, ń jẹ́ kí nǹkan bíi 200 gíráàmù omi fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ láàárín wákàtí 24. Ojú egbò iná tí awọ ti bó kúrò lára rẹ̀ lè pàdánù nǹkan bíi 5000 gíráàmù ní ìwọ̀n kan náà àti láàárín àkókò kan náà. Aṣọ tí a bá fi di irú egbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò gbà kí ó jáde, iye tí yóò fà mu, àti iye tí yóò fi sílẹ̀ fún egbò láti fi wo ara rẹ̀ sàn.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní orílẹ̀-èdè wa? Ó kan àwọn tó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tí egbò kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn lè yọrí sí gígé ẹsẹ̀. Ó kan àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí egbò a máa yọ sí ní àyíká ọrùn ẹsẹ̀ wọn, tí yóò jinná lónìí tí yóò tún yọ ní ọdún tó ń bọ̀. Ó kan àwọn tí iná epo jó. Ó tún kan àwọn tó ní egbò Buruli, tí kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà. Oògùn apakòkòrò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè pa kòkòrò Buruli, ṣùgbọ́n egbò tó bá ti là ṣì nílò dídì fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà. Àwọn ará Nàìjíríà kan ti ré ààlà kọjá lọ gba ìtọ́jú àrùn yìí ní ìlú Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ilé ìwòsàn kan wà fún un. Fún gbogbo àwọn wọ̀nyí, aṣọ tí a fi ń di egbò kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí wọ́n ń bá gbé lójoojúmọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí gọ́ọ̀sì ń ṣe nípa ọ̀ràn yìí. Ó ń fa omi mu, òótọ́ ni. Ní ọdún 1880, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Birmingham, Joseph Sampson Gamgee, fi òwú tó lè fa omi mu sí àárín ìpele gọ́ọ̀sì méjì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe irú aṣọ náà títí di òní. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìda àti òróró pa aṣọ alájọ̀lọ́jọ̀ ní ilẹ̀ Faransé kí ó má baà lẹ̀ mọ́ egbò àwọn jagunjagun. Ìlọsíwájú ni àwọn méjèèjì jẹ́ ní àkókò wọn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀sì lásán kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhà tó kọjú sí egbò àti ìhà tó kọjú sí ìta. Ó ń fa omi sí gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí ó bá rin kan òde, ó ti la ọ̀nà fún kòkòrò àrùn láti ìta wọ inú egbò nìyẹn. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá sì gbẹ, ẹran ara tuntun àti fọ́nrán òwú a ti dì mọ́ ara wọn.

Gbogbo ẹni tó bá ti wẹ egbò rí mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Bí nọ́ọ̀sì bá fa gọ́ọ̀sì náà, awọ tuntun tí ara fi ọjọ́ mẹ́ta hun yóò bá a bọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó láàánú yóò kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ rin ín, ṣùgbọ́n ìrora náà kì í tán pátápátá. Ìbẹ̀rù ìrora yìí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn aláìsàn máa sá fún ọjọ́ tí a dá fún wọn, tí egbò tí ìbá ti jinná fi ń di ti ọlọ́dún gbọọrọ.

Níbo ni ojútùú wà? Ó wà lójú aṣọ náà. Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lóko kì í fa omi mu. Bí a bá jù ú sínú abọ́ omi, yóò léfòó ni. Ìda tín-ín-rín tí ojú kò lè rí ló bo fọ́nrán rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n a sè é pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà kí ìda náà lè tú kúrò, lẹ́yìn náà wọn a fi èròjà mìíràn sọ ọ́ di funfun. Lẹ́yìn èyí, òwú kan náà yóò rì bí òkúta. Ìlànà ìwé oògùn ilẹ̀ Yúróòpù béèrè pé òwú ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí gíráàmù kan rẹ̀ sì lè gba ó kéré tán gíráàmù 23 omi. Inú fọ́nrán náà kò yí padà. Ojú rẹ̀ nìkan ló yí padà, ìwà rẹ̀ sí omi sì yí padà pátápátá.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ irú nǹkan báyìí. Ẹni tó bá ti wo ewé kókò lẹ́yìn òjò ti rí bí omi ṣe ń dì rogodo lórí rẹ̀, tí yóò sì yí bọ́ sílẹ̀ láì rin ewé náà. Ojú ewé náà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn aláró ìlú Abẹ́òkúta tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Wọ́n a fi ẹ̀kọ tí a fi pákí ṣe ya àwòrán sí ojú kan aṣọ, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, wọn a sì rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ráyè wọ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn a fi ìda àbẹ́là ṣe é. Ohun tí a fi kun ojú aṣọ ló ń sọ ibi tí omi yóò gbà wọlé àti ibi tí kò ní gbà. Ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò lónìí láti ṣe aṣọ ìdi-egbò jẹ́ ìbátan ìmọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irinṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin yẹ ní mímọ̀. Àkọ́kọ́ ni aṣọ olójú méjì. Wọ́n a fi sílíkóònù tàbí ìda pa ojú kan rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a sì fi ojú kejì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òwú tó fẹ́ràn omi. Ojú tó kọ omi ni yóò dojú kọ egbò. Nítorí pé ó fẹ́lẹ́, tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀, ojú kejì yóò fa omi gba inú rẹ̀ kọjá, omi náà kò sì ní lè padà sẹ́yìn ní ìrọ̀rùn. Egbò yóò ní ọ̀rinrin, kò ní wà nínú odò, aṣọ náà kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi èròjà kan yí òwú fúnra rẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé bí omi egbò bá ti kàn án, yóò wú, yóò sì di ohun tó ń yọ̀ bí ilá tí a ti gún. Omi náà yóò há síbẹ̀, kò sì ní ṣàn lọ sórí awọ tó dá ṣáká. Aṣọ tí a fi ewéko inú òkun ṣe ń hùwà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kẹta ni aṣọ tí a fi èròjà tó kọ omi pa, tí kòkòrò àrùn a fi lẹ̀ mọ́ ọn, tí a ó sì bá a yọ wọ́n kúrò nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2021, àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kan fún àwọn obìnrin tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí, àti fún àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ fún, kí ojú ibi iṣẹ́ abẹ wọn má baà kó kòkòrò.

Ọ̀nà kẹrin ni ti plásímà, tí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Iná mànàmáná ni wọ́n ń tàn gba inú atẹ́gùn kan kọjá, atẹ́gùn náà yóò sì fọwọ́ ba ojú aṣọ láì dé inú rẹ̀. Kò gba omi, kì í sì í tú ìdọ̀tí sínú odò. Àléébù rẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ lè máa dínkù bí aṣọ náà bá ti ń pẹ́ nínú àpò. Nípasẹ̀ rẹ̀, a lè mú kí èròjà mìíràn di aṣọ mú dáadáa, bíi chitosan, èyí tí a ń rí láti ara èèpo edé àti akàn, tó sì ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti tètè dì. Èèpo edé tí a ń dà nù ní etíkun wa kò lóǹkà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kó aṣọ ìdi-egbò wọlé láti òkè òkun kì í sábà béèrè: ṣé ojú ọjọ́ wa ni a fi dán an wò? Nínú ọ̀kan lára àwọn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń gba ara aṣọ ìdi-egbò kọjá sínú afẹ́fẹ́, wọ́n a gbé aṣọ náà sínú àpótí tó gbóná dé ìwọ̀n 37, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ bẹ́ẹ̀ jọ ti ọyẹ́ ní Kánò tàbí Sókótó. Kò jọ ti Èkó tàbí Wàrí ní oṣù Keje, nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọjá ìdá 80. Aṣọ tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú àpótí gbígbẹ nítorí pé ó ń jẹ́ kí omi fẹ́ lọ lè kún fọ́fọ́ ní Èkó ní àkókò òjò, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ní àyè láti gba omi náà. Bákan náà, èyí tó dára ní Èkó lè gbẹ mọ́ egbò lára ní àkókò ọyẹ́. Ẹni tí kò bá wọn aṣọ rẹ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ tí aláìsàn rẹ̀ ń mí kò tíì wọ̀n ọ́n.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí á máa sáré tẹ̀lé orúkọ ńlá àti owó gọbọi. Ní ọdún 2015, àgbéyẹ̀wò Cochrane kó gbogbo ìwádìí tó wà nípa aṣọ ìdi-egbò fún ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ jọ, kò sì rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé irú kan sàn ju òmíràn lọ. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà lórí ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, IWGDF, gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn pé ohun mẹ́ta ni kí wọ́n fi ṣa aṣọ ìdi-egbò: bí ó ṣe ń tọ́jú omi egbò, bí ó ṣe tu aláìsàn lára, àti iye owó rẹ̀. Àwọn kan lè fi èyí sọ pé gọ́ọ̀sì lásán ti tó nígbà náà. Èmi rí i lọ́nà mìíràn. Bí kò bá sí ẹ̀rí pé èyí tó wọ́n jù lọ ló dára jù lọ, kò sí ìdí tí a fi ní láti máa san owó dọ́là sí orúkọ. Aṣọ tí a bá ṣe nílé, tó mọ omi tọ́jú, tí kì í lẹ̀, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, yóò yege nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọn yóò ní ibà ń pa ọmọdé, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń ṣí lọ sí òkè òkun, iná kò dúró ní ilé ìwòsàn, kí ló wá kan ojú aṣọ? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n egbò tí kò jinná kì í ṣe làpálàpá. Ó ń gba àkókò nọ́ọ̀sì díẹ̀ tó kù, ó ń gba ibùsùn, ó sì ń gba owó. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Aláìsàn tí a ń fi gọ́ọ̀sì wẹ egbò rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò rí nọ́ọ̀sì nígbà 30 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí aṣọ rẹ̀ bá lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò rí i nígbà 10. Bí aṣọ náà tilẹ̀ wọ́n ní ìlọ́po méjì, owó aṣọ yóò dín, ìgbà 20 ni yóò sì ti bọ́ lọ́wọ́ owó ọkọ̀, ìrora àti ọjọ́ iṣẹ́ tó sọnù. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti wọ́n gan-an ni aṣọ tó lè dúró pẹ́ ti wúlò jù. Ó yẹ kí á máa ka iye tí egbò kan ná wa títí ó fi jinná, kì í ṣe iye tí aṣọ ẹyọ kan jẹ́.

Ànfààní sì ti ṣí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ kan tó mú owó orí kúrò lórí ẹ̀rọ àti ohun èlò tí a fi ń ṣe oògùn àti irinṣẹ́ ìlera nílé. Aṣọ ìlera wà lára àwọn nǹkan tí àṣẹ náà fẹ́ kí á máa ṣe fúnra wa. Àwọn ilé iṣẹ́ ahunṣọ wa ti rí ìjàngbọ̀n. Kaduna Textiles Limited, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2002. United Nigerian Textiles náà ti ilẹ̀kùn ní Kàdúná ní ọdún 2007, kí ó tó tún ṣí i padà lẹ́yìn náà. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí kò lè bá aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun jà lórí ánkárá. Aṣọ ìdi-egbò yàtọ̀. Kò nílò àrà tuntun lọ́dọọdún, àwọn tí yóò máa rà á sì wà nílẹ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn.

Ohun mẹ́rin ni mo ń béèrè. Èkíní, kí iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa aṣọ ṣíṣe ní Yunifásítì Àmọ́dù Bẹ́llò ní Zaria, àti àwọn dókítà tó ń tọ́jú egbò iná ní Igbóbì àti UCH Ìbàdàn jókòó sídìí tábìlì kan. Ahunṣọ kò mọ ohun tí egbò ń fẹ́, oníṣègùn kò sì mọ ohun tí aṣọ lè ṣe. Èkejì, kí àjọ SON àti NAFDAC ṣe ìlànà tí yóò wọn bí aṣọ ṣe ń tọ́jú omi nínú ojú ọjọ́ ọyẹ́ àti ti òjò, kì í ṣe bí ó ṣe funfun tó. Ẹ̀kẹta, kí àjọ adójútòfò ìlera NHIA, tí òfin ọdún 2022 fún ní agbára láti mú adójútòfò di dandan fún gbogbo ènìyàn, fi aṣọ ìdi-egbò tó péye kún ohun tí yóò máa san owó rẹ̀. Bí ẹni tí egbò ń yọ lẹ́nu bá ní láti máa fi owó àpò rẹ̀ ra aṣọ, èyí tó kéré jù lọ ni yóò máa rà.

Ẹ̀kẹrin ni ti ààbò. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń lé omi ló yẹ lára ènìyàn. Àwọn èròjà kan tí wọ́n fi ń pa aṣọ òjò ní òkè òkun kì í bàjẹ́ nínú ilẹ̀ tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó mú kí ìpàdé àgbáyé ti Stockholm fi PFOA, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, sínú àwọn èròjà tí ayé ní láti pa tì ní ọdún 2019. Kò yẹ kí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún wọ ilẹ̀ wa lórúkọ ìlọsíwájú. Ìda oyin, sílíkóònù àti chitosan wà, a sì gbọ́dọ̀ dán wọn wò dáadáa kí a tó fi wọ́n kan ara ẹnikẹ́ni. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ mọ́ láìní kòkòrò kankan nínú. Aṣọ tó mọ omi tọ́jú ṣùgbọ́n tí kò mọ́ yóò ṣe ìpalára ju gọ́ọ̀sì lọ.

Kí ìyẹn tó dé, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ̀yin òǹkàwé lè ṣe nílé. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sórí rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá fẹ̀ tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí ọ́ìlì mọ́tò sí i. Bí gọ́ọ̀sì bá lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má ṣe já a. Ẹ fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn rin ín títí yóò fi tú. Bí awọ àyíká egbò bá ń funfun tó sì ń hunjọ, aṣọ náà kò gba omi tó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí egbò bá gbẹ tó ń fà, aṣọ náà gbẹ jù. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi egbò ẹsẹ̀ dánra wò nílé, bó ti wù kí ó kéré tó. Ẹnikẹ́ni tí egbò rẹ̀ bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láì dínkù ní láti rí dókítà, nítorí aṣọ nìkan kò lè wo ohun tó ń fa egbò náà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orílẹ̀-èdè tí òwú ń hù nínú oko rẹ̀, tí àwọn aláró rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ àti ìda darí omi lójú aṣọ láti ayé àwọn ìyá ìyá wọn, kò yẹ kí ó máa dúró dè ọkọ̀ ojú omi kí ó tó lè di egbò ọmọ rẹ̀. Àṣẹ ọdún 2024 ti ṣí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kí àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí àti ti àpò owó wọlé, nítorí pé ní àárọ̀ ọ̀la, gẹ́gẹ́ bí ti òní, àwọn nọ́ọ̀sì yóò tún máa fa gọ́ọ̀sì gbígbẹ kúrò lórí awọ tuntun.